"Ulé" Ni Wọ́n Tẹ̀ Sára Káàdì Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tó bá èmi Bọ́sẹ̀ lálejò. Inú mi ṣì ń dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀! Ọ̀rọ̀ káàdì ni. Káàdì pélébé tí à ń tẹ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí, tí a fi ń jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ iṣẹ́ wa. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín máa ní ta ló tún ń lo ìyẹn láyé ìsinsìnyí.

Fún àwọn tí wọn ò mọ̀ mí dáadáa, iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́, àwa tí à ń ya àwòrán ilé kí bíríkìlà tó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, ọ́fíìsì mi sì wà ní Adébáyọ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ ojú fèrèsé. Tí mo bá ní ọ́fíìsì, ẹ má ro ohun ńlá. Yàrá kan ni, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Tóyìn la jọ ń lò ó. Tóyìn máa ń bá àwọn èèyàn polówó ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọkọ ló gbé e wá sí Èkìtì.

Ìṣòro mi nígbà yẹn ni pé iṣẹ́ ń bẹ, àmọ́ kì í ṣe tèmi. Ẹnjiníà kan á pè mí pé kí n bá òun ya nǹkan, màá yà á, orúkọ tirẹ̀ ló máa lọ sára ìwé. Ilé á dìde, wọ́n á ṣí i, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á jó, èmi á kọjá níwájú ẹ̀ bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Àbújá wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ti bá mi wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì mi kí oṣù tó parí. Owó oṣù wà níbẹ̀, ilé gbígbé wà níbẹ̀. Ta ló máa rí irú ẹ̀ tó máa ní òun ò ṣe?

Àmọ́ mi ò fẹ́ lọ! Mo fẹ́ kí ilé kan wà nílẹ̀ Èkìtì tí mo lè na ìka sí pé èmi Bọ́sẹ̀ ni mo yà á. Ẹyọ kan péré. Mo wá sọ fún ara mi pé tí oníbàárà tèmi kankan ò bá yọjú kí oṣù tó parí, màá di ẹrù mi, màá sì gba Àbújá lọ.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé ìpàdé kan ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí wa, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ àti àwọn tó fẹ́ kọ́lé ti máa pàdé ara wọn. Mo ní màá tẹ káàdì. Tóyìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní inú àpò ṣòkòtò ni káàdì máa ń kú sí, pé wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ ni. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣe àmì onígun mẹ́rin yẹn fún mi, èyí tí wọ́n ń fi kámẹ́rà fóònù wò, tí gbogbo iṣẹ́ èèyàn á ṣí sílẹ̀ gbàgà. Ó ṣe é fún mi lóòótọ́, ó sì rẹwà. Síbẹ̀, mo ní màá tẹ káàdì mi. Ẹ mọ̀ mí, orí kunkun ni mo ní!

Wọlé ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì wa níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ojú fèrèsé, ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀ wà, ọmọ Adó bíi tèmi ni. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà, mo wà ní Ìgbẹ́mọ, mò ń bá ẹnjiníà kan wọn ilẹ̀. Oòrùn ń mú gan-an, mi ò lè dúró máa tẹ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kàn sọ ohun tí mo fẹ́ sínú fóònù, mo sì fi ohùn mi ránṣẹ́ sí i. Ilé Ayọ̀ lorúkọ ilé iṣẹ́ mi. Mo ní kó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ìyẹn sókè, kó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé a máa ń ya àwòrán ilé tó bá yín lára mu. Ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo wò ó, mo ní ó dára, kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ìpàdé yẹn wáyé ni mo lọ gbà á. Háà, ó dára lójú! Ìwé tó nípọn, àwọ̀ ewéko, tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, á mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni. Mo gbé e gòkè bí ẹni gbé ọmọ tuntun, mo tò ó sórí tábìlì Tóyìn kí ojú lè tì í. Tóyìn mú ọ̀kan. Ó kà á, ó yí i wo ẹ̀yìn, ó tún kà á.

Ó ní, "Bọ́sẹ̀, kí ló ń jẹ́ ulé?"

Mo ní ilé ni. Ẹ gbọ́ mi bí? Mo dá a lóhùn pé ilé ni, mo tún ń rẹ́rìn-ín lọ, mi ò tíì rí ohun tó ṣẹlẹ̀! Ìgbà tó na káàdì náà sí mi lójú ni mo tó rí i. ULÉ AYỌ̀. Gàdàgbà. Ìsàlẹ̀ ẹ̀, a máa ń ya àwòrán ulé tó bá yín lára mu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Ní ọ̀dọ̀ wa, ilé là ń pè ní ulé, iṣu là ń pè ní usu, ìlú sì ni ùlú. A mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ o, a lọ sílé ìwé. Àmọ́ tí ọmọ Èkìtì bá ti ń bá ọmọ Èkìtì sọ̀rọ̀, ahọ́n á kàn gba ọ̀nà ilé lọ ni, èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Mo fi eré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Wọlé. Mo fẹjọ́ sùn ún fún ara ẹ̀, mo bínú, mo sọ̀rọ̀ gan-an. Wọlé ò bá mi jà. Ó kàn mú fóònù ẹ̀, ó tẹ ohùn mi síta. Ohùn mi ló jáde yẹn lóòótọ́, ketekete, láti Ìgbẹ́mọ: Ulé Ayọ̀. Àwọn tó wá tẹ ìwé lọ́dọ̀ ẹ̀ ń gbọ́. Ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé ṣebí òun ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ Adó ló tẹ̀ ẹ́, ọmọ Adó ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú mẹ́rin ló wo káàdì yẹn, kò sí ọ̀kan tó rí àléébù kankan lára ẹ̀!

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Ìbàdàn ni mo ti ka ìwé, wọ́n sì fi ahọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Tí mo bá lanu báyìí, wọ́n á ní ará Èkìtì ti dé. Mo kọ́ bí mo ṣe ń ṣọ́ ẹnu mi títí ó fi mọ́ mi lára. Wàyí o, ohun tí mo ti ń fi pa mọ́ látọjọ́ yìí ni mo fowó ara mi tẹ̀ jáde. Kò sì sí àyè láti tún un tẹ̀, torí àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìpàdé.

Tóyìn ní kí n fi káàdì sílẹ̀, kí n mú àmì tí òun ṣe lọ. Mo mú méjèèjì.

Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn yẹn, mo rí i pé òótọ́ ni Tóyìn sọ. Fóònù ni gbogbo èèyàn ń nà síra wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi àmì tirẹ̀ kọ́ ọrùn bí mẹ́dáàlì àwọn eléré ìdárayá, wọ́n ń tò síwájú ẹ̀. Èmi náà gbé tèmi jáde, wọ́n wò ó, wọ́n ní iṣẹ́ mi dára, wọ́n kí mi, ó tán síbẹ̀. Fún àwọn tó jọ pé wọ́n fẹ́ kọ́lé lóòótọ́, mo tún fi káàdì kún un. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí mo ṣe ń fún wọn. Àtàǹpàkò mi ni mo fi ń bo "Ulé" yẹn! Màá na káàdì sí èèyàn, màá tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn, òun á máa fà á, èmi á máa fà á.

Ọ̀gá kan wá já a gbà lọ́wọ́ mi. Ó kà á sókè, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kò tó ìṣẹ́jú díẹ̀, Màdáámù Ulé ni wọ́n ń pè mí kiri inú gbọ̀ngàn. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé sí i.

Mo jáde lọ mu omi lábẹ́ igi kan níta. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de ọmọ ẹ̀ tó ń ta pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń gba iná lára oòrùn nínú ìpàdé náà. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ìgèdè ló ti wá. Bó ṣe wé gèlè ẹ̀, tó gbé báàgì lé itan, kò sẹ́ni tó máa rí i tí ò ní mọ̀ pé tísà ni. Tísà yìí bi mí pé kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí nínú gbọ̀ngàn. Mo na káàdì sí wọn. Ó ti sú mi, mi ò tiẹ̀ fi àtàǹpàkò bo nǹkan kan mọ́.

Tísà wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ó wù mí kí n parọ́, kí n ní àṣà ìbílẹ̀ ni mò ń gbé lárugẹ. Àmọ́ mo sọ òótọ́ fún wọn, láti ọ̀rọ̀ Ìgbẹ́mọ dé orí ọ̀rọ̀ Wọlé. Tísà rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọmọ làwọn ti nà nítorí lẹ́tà yìí, tí wọ́n bá kọ u síbi tó yẹ kí wọ́n kọ i. Wọ́n wá ní tí àwọn bá délé tán, tí àwọn bọ́ bàtà, ulé náà ni àwọn ń pè é. Wọ́n fi káàdì náà sínú Bíbélì tó wà nínú báàgì wọn, wọ́n sì ní kí n fún àwọn ní ọ̀kan sí i.

Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo rí ọ̀kan nínú àwọn káàdì mi nílẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, táyà ti gun orí ẹ̀ kọjá. Mo mú un, mo nù ún, mo dá a padà sínú báàgì mi. Mi ò sọ ìyẹn fún Tóyìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Fóònù á dún, ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ń béèrè èsì. Oṣù ń lọ sópin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìwé mi kúrò lórí pẹpẹ ní ọ́fíìsì, Tóyìn ń bá mi dì wọ́n sínú páálí, ó ń gbìyànjú kó má sunkún.

Ṣé ẹ wà ńbẹ̀? Ó ti fẹ́ dùn o!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí. Ohùn ìyá arúgbó kan ni. Wọ́n bi mí bóyá Ulé Ayọ̀ nìyẹn. Èmi, tí mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi láti Ìbàdàn, mo ṣe bí ẹni tó mọṣẹ́, mo ní rárá o, Mà, Ilé Ayọ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ṣìnà nìyẹn, pé Ulé Ayọ̀ ni àwọn ń wá. Wọ́n gé fóònù!

Tóyìn ló pariwo mọ́ mi. Mo pè wọ́n padà kíákíá. Mo ní, Mà, ẹ jọ̀ọ́, Ulé Ayọ̀ náà ni, àwa ni. Wọ́n ní ó dáa, kí n wá sí Ìgèdè.

Màmá Yẹ́misí ni wọ́n ń pè wọ́n. Oko iṣu àti epo ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Ìjọ kan náà ni àwọn àti Tísà ń lọ, Tísà ló sì fún wọn ní káàdì lẹ́yìn ìsìn. Yẹ́misí, àkọ́bí wọn tó wà ní Kánádà, fẹ́ kọ́ ilé tuntun fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́, torí ilé àtijọ́ ti ń jò, ògiri ẹ̀ sì ti ń là. Owó ti wà nílẹ̀. Màmá ni ò gbà. Àwọn ẹnjiníà ti wá, wọ́n ti lọ, àwòrán tí wọ́n yà wà ní kọ̀rọ̀ kan ní kíká, Màmá sì ń fi ọ̀kan nínú wọn lé adìyẹ.

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi jáde kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn wọ́n. Wọn ò wò ó. Wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó. Mo ń wo títì, wọ́n ń wo títì. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti oko kọjá, ó ní ẹ kú ìjókòó o, Màmá. Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n bi í léèrè ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé kọjá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí wọn. Obìnrin kan gbé agbọ̀n kọjá, ó dúró, ó ròyìn ọmọ ọmọ ẹ̀ tuntun, ó tó lọ. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn títí ó fi pẹ́. Mo ti ń rò lọ́kàn mi pé kí la wá ń ṣe gan-an.

Màmá wá yíjú sí mi. "Wọ́n ya ilé alájà méjì fún mi. Wọ́n ní kí n máa gbé òkè. Wọ́n mọ ògiri ńlá yí i ká. Ọmọ mi, ta ló máa kí mi níbẹ̀?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo pa kọ̀ǹpútà mi dé.

Mo bi wọ́n ìdí tó fi jẹ́ èmi ni wọ́n pè. Wọ́n ní gbogbo àwọn tó ti ń wá, bíídìǹgì ni wọ́n ń bá àwọn sọ, bíídìǹgì lọ́tùn-ún, bíídìǹgì lósì. Wọ́n ní nígbà tí Tísà fún àwọn ní káàdì, Yorùbá Bíbélì nìkan ni ojú àwọn mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ àwọn ò tíì rí ọ̀rọ̀ ẹnu ara àwọn lórí ìwé rí láyé àwọn. Wọ́n ní àwọn sọ fún Tísà pé ẹni yìí á gbọ́ ohun tí àwọn ń sọ.

Ojú tì mí. Ẹ rántí ohun tí mo ń fi àtàǹpàkò bò.

Mo lọ yà á. Ilé ilẹ̀ ni, kò ní àtẹ̀gùn kankan. Mo gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ sí iwájú, mo kọ ojú ẹ̀ sí títì, mo sì fi pèpéle jíjókòó tó bá orúnkún Màmá mu síbẹ̀. Yàrá wọn wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, kó má di pé wọ́n ń rìn jìnnà. Ògiri ìta kò ga ju àyà ọmọdé lọ. Mi ò gbádùn yíya àwòrán tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi!

Ó wá ku Yẹ́misí. Tísà wá fi fóònù ńlá tiwọn pè é kí a lè máa rí ojú ẹ̀. Yẹ́misí kí mi dáadáa, ó ní kí n má bínú o, pé ilé iṣẹ́ kan wà ní Èkó tí òun ti fẹ́ gbé e fún, tí fọ́tò ilé tí wọ́n ti kọ́ kún ojú ewé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun wá orúkọ tèmi títí, òun ò rí ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ní èmi ni mo yà. Òótọ́ ni. Ó tún ní òun ti rí fọ́tò káàdì mi, pé ẹni tí ò lè yẹ ọ̀rọ̀ orí káàdì wò, báwo ló ṣe máa yẹ ìwọ̀n ilé wò?

Mo ní àṣìṣe ni lóòótọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Lọ́kàn mi, mo ti ń di ẹrù Àbújá.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ Tísà. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú débi pé imú wọn nìkan ni Yẹ́misí á máa rí.

"Kì í ṣe àṣìṣe. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, bí ìwọ náà ṣe ń pè é nìyẹn kí o tó lọ. Yẹ́misí, o fẹ́ kọ́ bíídìǹgì fún mi, mo dúpẹ́. Ulé ni mo fẹ́ gbé kú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí o fún."

Yẹ́misí wá ní kí a fi àwòrán náà han òun. Mo ń fi ìka tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń ṣàlàyé. Ó béèrè òkè, mo ní kò sí. Ó béèrè géètì ńlá, mo ní kò sí. Ó béèrè ibi tí Màmá á máa jókòó, mo fi hàn án. Ó wò ó títí. Ó wá bi mí bóyá láti orí pèpéle yẹn, Màmá á máa rí àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní á rí wọn, á sì rí àwọn tó ń lọ sóko.

Ó nu ojú ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ariwo tí mo pa nígbà tí mo jáde sí títì Ìgèdè, àfi kí Ọlọ́run forí jì mí! Mo jó, mo fò, mo dì mọ́ Tísà títí gèlè wọn fi wọ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀ náà, mo ní n ò bọ̀ ní Àbújá mọ́. Ó ní kí n fi àwòrán náà ránṣẹ́. Nígbà tó wò ó tán, ó ní òun ń bọ̀ wá ṣílé.

Ṣé káàdì bébà ṣì wúlò? Èmi àti Tóyìn ṣì ń jà lé e lórí. Ó ní kì í ṣe bébà ló ṣe é, Tísà ló ṣe é. Mo ní ṣé fóònù onítọ́ọ̀ṣì tí Màmá ń lò ló máa wo àmì onígun mẹ́rin tiẹ̀ ni? Ṣé àmì lè wà nínú Bíbélì láti Adó dé Ìgèdè, kó dúró síbẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi? Àmọ́ kí n má parọ́ o, ọ̀pọ̀ nínú káàdì yẹn ló ṣègbé, àmì Tóyìn náà sì ti mú ẹnì kan wá bá mi láti ìgbà yẹn. Mò ń lo méjèèjì. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé bébà máa ń dé ibi tí èmi fúnra mi ò lè dé, lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ràn mi débi tó fi gbé e lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá la lọ fi èèkàn àti okùn sàmì sílẹ̀ náà. Nígbà tí a na okùn tán, Màmá gbé àga wọn jáde láti ilé àtijọ́. Wọ́n bi mí pé èwo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn, wọ́n gbé àga kalẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí títì. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé, àwọn bíríkìlà ń wò wọ́n.

Obìnrin kan ń kọjá lọ sóko. Ó rí ìyá arúgbó tó jókòó láàárín okùn lórí ilẹ̀ gbalasa. Ó dúró, ó tẹ orúnkún, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìjókòó o."

Màmá dáhùn. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, mi ò sì bìkítà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ibi tí èèyàn ti wá lè jẹ́ ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń wá kiri, kí ó má fi í pa mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé káàdì ti mú iṣẹ́ wá bá yín rí, àbí inú omi ìfọṣọ ló parí sí? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ilé yín ti yọ jáde rí níbi tí ẹ ò rò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ìyá yín ṣe ń pè é. Màá ka gbogbo ẹ̀.